Èròjà inú ewéko àti ọkàn ẹni tí sepsis mú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni sepsis, kí ló sì kan ọkàn níbẹ̀?

Àkóràn lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, láti ojú ọgbẹ́, láti inú ìfun tàbí láti ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Ara á dìde láti bá a jà. Bí ìjà náà bá wá kọjá ààlà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti ọkàn léṣe, ó ti di sepsis nìyẹn. Kì í ṣe kòkòrò àrùn nìkan ló ń pani níbẹ̀, ọwọ́ ara fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìṣirò kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé ní 2017, sepsis mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ènìyàn kárí ayé, mílíọ̀nù 11 ló sì kú, ìyẹn bí ẹnì kan nínú ẹni 5 tó kú lọ́dún náà.

Ọkàn kò lè yọ ara rẹ̀ nínú wàhálà yìí, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi gbogbo. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kíndìnrín kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó tó gbà, ọpọlọ náà kò ní rí i, àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan á sì wá di ti gbogbo ara.

Báwo gan-an ni sepsis ṣe ń mú kí ó rẹ ọkàn?

Ọ̀nà náà pọ̀, wọn kì í sì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo ara àwọn bakitéríà kan ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní LPS. Bí LPS bá kan TLR4 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ìròyìn á dé inú lọ́hùn-ún, prótéènì kan tó ń jẹ́ NF-κB á ta jí, á sì pàṣẹ kí wọ́n máa tú TNF-α, IL-1β àti IL-6 jáde. Àwọn wọ̀nyí ló ń mú kí ara gbóná, kó sì wú. Níwọ̀nba, wọ́n wúlò. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí iṣan ọkàn fi ń súnkì á dín kù. Nitric oxide náà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Kálísíọ̀mù tó ń wọlé tó ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kí ọkàn lè lù kò ní lọ bọ̀ létòlétò mọ́.

Lójú tèmi, mitochondria ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára tó ń lò. Ọkàn ń lù tó nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, kò sì rí àyè sinmi, ìdí nìyẹn tí mitochondria fi gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú sepsis, mitochondria á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n á máa tú àwọn èròjà oxygen tí kì í fara balẹ̀ jáde, èyí tó ń ba ohunkóhun tó bá fara kàn jẹ́.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọkàn àwọn tí sepsis pa wò, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú níbẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ ṣì wà láàyè. Wọ́n kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró ni, bí oníṣòwò tó sáré ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà.

Ṣé irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè padà sípò?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹni náà bá yè é. Ní 1984, Margaret Parker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn aláìsàn sepsis tí ọkàn wọn fẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde sì dín kù gidigidi. Lára àwọn tó yè, ọkàn náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí àwọn oníwàádìí fi ń wá ohun tí wọ́n lè fi dáàbò bo ọkàn: ẹ̀yà ara tó ṣì lè jí ni wọ́n ń gbìyànjú láti dì mú títí ìjà á fi rọlẹ̀.

Àwọn èròjà ewéko wo ni wọ́n ń yẹ̀ wò?

Wọ́n pọ̀ gan-an. Èyí tí orúkọ rẹ̀ lọ jìnnà jù ni curcumin, èyí tó ń mú kí ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ tó ní. Resveratrol wà lára èèpo èso àjàrà. Quercetin wà nínú àlùbọ́sà àti ọ̀pọ̀ èso, EGCG wà nínú tíì aláwọ̀ ewé. Berberine kò jọ àwọn yòókù: ó korò, àwọ̀ ìyeyè ló ní, inú gbòǹgbò àti èèpo àwọn ewéko kan ni wọ́n ti ń rí i, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru ní Ṣáínà. Láti inú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà náà ni tanshinone IIA ti wá, láti gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní danshen, àti puerarin láti gbòǹgbò kudzu, àti astragaloside IV, àti àwọn ginsenoside inú ginseng.

Bí ẹ bá ṣàkíyèsí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí yìí ti Ṣáínà wá. Kò yani lẹ́nu: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ewé àti gbòǹgbò pẹ̀lú oògùn òyìnbó tọ́jú aláìsàn nínú ilé ìwòsàn kan náà.

Kí ni wọ́n sọ pé wọ́n ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn?

Ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu láti orí èròjà kan dé òmíràn. Wọ́n ń dí NF-κB lọ́wọ́, TNF-α àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì dín kù. Wọ́n ń ta Nrf2 jí, èyí tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó ṣe ohun tó lè fi ko àwọn èròjà oxygen burúkú náà lójú. Resveratrol ní tirẹ̀ ń ti SIRT1 lẹ́yìn, èyí tó ń ṣèrànwọ́ fún mitochondria. Láìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ tún gbájú mọ́ ferroptosis, irú ikú sẹ́ẹ̀lì kan tí irin inú ara ń dá sílẹ̀, wọ́n sì ń rí i pé àwọn kan nínú èròjà wọ̀nyí ń dín in kù lára ẹranko.

Ó dára láti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun mẹ́wàá tí ìrísí wọn kò jọra bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà gẹ́lẹ́, ó yẹ kéèyàn béèrè bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò náà ló ń mú èsì jọra. Curcumin ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kan yẹ gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ wò. Wọ́n fi hàn pé ó máa ń tètè bàjẹ́, ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ oríṣiríṣi prótéènì, tó fi jẹ́ pé ó lè tan ẹ̀rọ ìdánwò jẹ kó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan.

Ohun tó ṣiṣẹ́ lára eku, ṣé kò ní ṣiṣẹ́ lára ènìyàn ni?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìdánwò náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á kó eku jọ, ọ̀dọ́, akọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìran kan náà, tí kò sí àìsàn kankan lára wọn. Wọ́n á ti máa fún wọn ní èròjà náà fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kó jẹ́ wákàtí kan péré ṣáájú. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá gún LPS sí wọn níkùn. Tó bá di wákàtí 6, 12 tàbí 24, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn wo bó ṣe ń lù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láti fi wá troponin, èyí tí ọkàn máa ń tú jáde tó bá fara pa. Wọ́n á pa eku náà, wọ́n á rẹ́ ọkàn rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Eku tó gba èròjà náà á máa ṣe dáadáa ju èyí tí kò gbà lọ.

Irú ìdánwò kejì wà tó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀ sí i: wọ́n á so ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá eku, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ú kí ìgbẹ́ máa jò sínú ikùn. Èyí ní kòkòrò tó wà láàyè nínú. LPS kò ní. Májèlé lásán ni.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ènìyàn. Ẹni ọdún 68, àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ó sì ti wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ṣáájú pé sepsis ń bọ̀, débi tí wọ́n á fi fún un ní curcumin ní wákàtí kan kó tó dé. Nígbà tí ilé ìwòsàn bá máa rí i, TNF-α ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ti lọ.

Ìtàn ìwádìí sepsis kún fún irú ìjákulẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti ewéko nìkan. Eritoran dí TLR4 pa gan-an bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn, kò gba ẹ̀mí là ju omi lásán lọ. Drotrecogin alfa gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2001. Nígbà tó di 2011, àwọn tó ń ṣe é kó o kúrò lórí àtẹ, torí ìdánwò tuntun fi hàn pé kò ṣe àǹfààní. Oògùn tí ilé iṣẹ́ ńlá fi owó gọbọi ṣe ni wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé kápúsù kan á ṣe ohun tí wọn kò lè ṣe, ẹ ní kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ṣé kò sí èyí kankan tó ti yege lára ènìyàn?

Ọ̀kan wà tó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa: Xuebijing. Abẹ́rẹ́ ni, oje ewéko 5 ni wọ́n fi ṣe é, danshen wà lára wọn, òdòdó safflower náà wà níbẹ̀. Ṣáínà fọwọ́ sí i ní 2004. Ní 2023, èsì ìdánwò ńlá kan jáde: ilé ìwòsàn 45, aláìsàn sepsis 1,817, àwọn kan gba Xuebijing, àwọn yòókù gba omi lásán, àwọn méjèèjì sì ń gba ìtọ́jú sepsis tó yẹ lọ. Láàárín ọjọ́ 28, ìdá 18.8 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó gbà á, ìdá 26.1 nínú 100 nínú àwọn tí kò gbà á.

Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe é, ó sì yẹ kí ibòmíràn tún un ṣe kí ọkàn àwọn dókítà tó balẹ̀. Àpòpọ̀ ni, a kò lè tọ́ka sí èròjà kan nínú rẹ̀ ká ní òun ló ṣe é. Iye ẹni tó kú ni wọ́n kà, wọn kò dìídì yẹ ọkàn wò bóyá òun ló rí ààbò. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ sì ni wọ́n ń fi í sí, nínú ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò jọ ewé tí ẹnì kan sè nílé.

Mo ní ata ilẹ̀ pupa nílé. Èló ni mo máa lò?

Kò sí ìwọ̀n kankan tí mo lè sọ tó máa dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ sepsis. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní wọ́n fún eku ní mílígíráàmù 100 curcumin fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ìlànà tí wọ́n fi ń yí ìwọ̀n ti eku sí ti ènìyàn ni pé kí a fi nǹkan bí 12 pín in, ìyẹn á jẹ́ mílígíráàmù 8 fún kílò kan. Ẹni kílò 70 á nílò nǹkan bí mílígíráàmù 570. Nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ni curcumin nínú ata ilẹ̀ pupa lílọ̀, èyí túmọ̀ sí gíráàmù 19 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá sì gbé e mì tán, èyí tó pọ̀ jù kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀: ìfun kì í gbà á dáadáa, èyí tó bá sì wọlé, ẹ̀dọ̀ á yí i padà kíákíá. Eku tí a ń sọ, ikùn ni wọ́n sábà máa ń gún un sí fún un tààrà.

Òótọ́ ni pé piperine inú ata dúdú ń mú kí curcumin pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè mú kí àwọn oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò pọ̀ jù nínú ara.

Ẹ fi ata ilẹ̀ pupa se ọbẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ohun àdánidá ni. Bí kò bá ṣe rere, ṣé ó lè ṣe búburú ni?

Ó lè ṣe é. Ẹ wo fítámì C, tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Ìdánwò LOVIT, tó jáde ní 2022, fi ìwọ̀n tó pọ̀ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sepsis. Àwọn tó kú tàbí tí ẹ̀yà ara wọn kò padà sípò títí di ọjọ́ 28 jẹ́ ìdá 44.5 nínú 100 láàárín àwọn tó gbà á, ìdá 38.5 nínú 100 láàárín àwọn tí kò gbà á. Antioxidant ni fítámì C, ìyẹn ohun tó ń ko àwọn èròjà oxygen burúkú lójú; ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń yin ọ̀pọ̀ èròjà ewéko ni wọ́n ti fi yìn ín rí.

Ewéko tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn ní tòótọ́ ló sì yẹ kéèyàn bẹ̀rù jù. Digoxin, tí dókítà ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ọ̀dọ̀ ewéko foxglove ló ti wá. William Withering kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1785. Láàárín ìwọ̀n tó ń wo ni sàn àti ìwọ̀n tó ń pani, àlàfo náà tín-ín-rín.

Ẹni tí sepsis mú tún yàtọ̀ sí ẹni tó dá ṣáṣá. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó fọ èròjà kúrò lára ti ń fara pa, kíndìnrín náà lè ti fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dì dáadáa mọ́. Aáyù, ginkgo àti curcumin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i, pàápàá tí ẹni náà bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Berberine ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ àwọn oògùn kan. Kápúsù EGCG àti ti curcumin tí oje inú rẹ̀ ki ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan jẹ́ rí, láìsí sepsis lára wọn pàápàá.

Ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe. Ṣé mo lè yọ́ àgbo díẹ̀ sí i nínú rọ́bà oúnjẹ rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ó bá ti ń lo àgbo tàbí kápúsù kí wọ́n tó gbà á sílé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà lónìí, ẹ mú ìgò tàbí páálí rẹ̀ dání lọ. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín, ó sì lè yí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un padà.

Kí ni dókítà ń ṣe fún ọkàn nígbà náà?

Oògùn apakòkòrò ni àkọ́kọ́. Ìlànà àgbáyé ti 2021 sọ pé tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti já wálẹ̀, kí oògùn náà wọ ara láàárín wákàtí kan. Wọ́n á wá orísun àkóràn náà, wọ́n á fa ọyún tó bá wà jáde. Wọ́n á fa omi sí i lára, nǹkan bíi mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ, torí omi tó pọ̀ jù á ni ọkàn tó ti rẹ̀ lára.

Tí omi kò bá tó, norepinephrine, oògùn tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ló kàn, kí ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè dé 65. Tí àwòrán ọkàn bá fi hàn pé kò lù dáadáa, tí àwọn ẹ̀yà ara kò sì tíì rí ẹ̀jẹ̀ gbà, wọ́n lè fi dobutamine, oògùn tó ń mú kí ọkàn lù lágbára sí i, kún un. Kò sí oògùn kankan títí di òní tí wọ́n fọwọ́ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ọkàn nínú sepsis. Pípa kòkòrò àti dídá ẹ̀jẹ̀ padà sójú ọ̀nà ni ààbò náà.

Àmì wo ló yẹ kó lé mi jáde nílé kíá?

Ẹni tó ní àkóràn tàbí ọgbẹ́, tó wá ń mí yára yára, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́ tàbí tí kò dá ènìyàn mọ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nini, tí awọ ara rẹ̀ ń yí àwọ̀, tí kò tọ̀ láti àárọ̀. Ibà lè wà, ó lè má sí. Ara ẹlòmíràn ń tutù ni. Ọmọ ọwọ́ lè má fẹ́ mu ọmú, kó rọ jọwọrọ, kó ṣòro jí. Ẹ má dúró de ewé kankan kó hó.

Tí mo bá ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́, ṣé sepsis kò ní mú mi?

Oúnjẹ tó ní ẹ̀fọ́ àti èso dára fún ọkàn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dí sepsis lọ́nà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọwọ́ fífọ̀, ọgbẹ́ tí a tètè tọ́jú, àti àtọ̀gbẹ tí a kò jẹ́ kó le jù.

Ó ti bọ́ nínú sepsis. Ṣé ó lè wá máa lò wọ́n báyìí?

Ẹni tó yè é ṣì wà nínú ewu àìsàn ọkàn fún ìgbà pípẹ́ ju ẹni tí kò ṣe é rí lọ, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọkàn rẹ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó jẹun, kó lo oògùn tí wọ́n kọ fún un. Tó bá wù ú láti fi kápúsù kan kún un, kó fi orúkọ rẹ̀ han dókítà tàbí apòògùn ná.

Mo rí ìròyìn pé ewé kan "ń gba ọkàn là lọ́wọ́ sepsis". Báwo ni kí n ṣe kà á?

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n dán an wò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpínrọ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ eku máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n fún un: ṣáájú àkóràn ni, àbí lẹ́yìn tí àìsàn ti wọlé? Ẹ wo ọ̀nà tó gbà wọ ara, ẹnu ni àbí abẹ́rẹ́. Ẹ sì wo bóyá oògùn apakòkòrò wà lára ìtọ́jú tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, torí ọ̀pọ̀ ìdánwò lára eku kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn kankan kò ní tọ́jú sepsis láìlò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ bá dókítà yín. Inú mi á dùn bí ìròyìn náà bá jẹ́ ti ènìyàn, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́yìn tí aláìsàn ti dé ilé ìwòsàn, nítorí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.